Storage heater nínú fúláàtì yín: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, èwo ni kí ẹ yàn, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin ará wa tó ń gbé fúláàtì ní London, Manchester, Leeds àti Glasgow máa ń bi mí: hítà ńlá tó wà lára ògiri ń gbóná láàárọ̀, ó ti tutù kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé, owó iná ò sì yéé lọ sókè. Ṣé kí ẹ yọ ọ́ dànù? Kí lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀?

Èsì mi kì í yí padà. Ẹ yẹ mítà yín wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí hítà. Hítà tuntun tó dára jù lọ lágbàáyé kò lè tọ́jú owó yín bí mítà tàbí ètò owó iná bá ti wọ́. Nítorí náà, bí mo ṣe to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí tẹ̀ léra ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má fo èyíkéyìí.

## Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ṣókí

Bíríkì tó wúwo ló kún inú storage heater. Lóru, nígbà tí iná bá dínwó, wáyà agbóná tó wà láàárín wọn á mú wọn gbóná janjan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ooru yẹn á máa jáde díẹ̀díẹ̀ sínú yàrá. Iná òru lẹ ń rà pa mọ́ de ọ̀sán.

Ètò owó iná tí wọ́n ń pè ní Economy 7 ló gbé e ró. Fún wákàtí 7 lóru, iná á dínwó. Fún wákàtí 17 tó kù, iná yín á wọ́n ju ti ẹni tó ń san iye kan ṣoṣo tọ̀sán-tòru lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyẹn: wọ́n gbọ́ pé iná òru dínwó, wọn ò mọ̀ pé iná ọ̀sán ti gbówó lórí.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo mítà

1. Ẹ wò ó bóyá mítà yín ń fi iye méjì hàn. Wọ́n lè kọ Low àti Normal sí i, tàbí Night àti Day, tàbí Rate 1 àti Rate 2. Bó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo ló ní, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó ọ̀sán lẹ fi ń gbóná bíríkì lóru.
2. Ẹ ya fọ́tò iye méjèèjì kí ẹ tó sùn. Ẹ tún yà á bí ẹ bá jí. Iye ti òru ló yẹ kó ti fò sókè gan-an. Bó bá jẹ́ ti ọ̀sán ló fò, ìṣòro wà.
3. Ẹ gbé bíìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná yóò fi iye òru sí ọ̀sán, wọn yóò fi ti ọ̀sán sí òru. Bẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún bíìlì tó ti kọjá ṣe.
4. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà ní aago mélòó sí aago mélòó ni iná òru yín. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ń bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà. Àwọn mítà kan kì í tẹ̀ lé aago tí ìjọba ń yí síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: bí tiyín bá jẹ́ 12:30 sí 7:30 nígbà òtútù, ó lè di 1:30 sí 8:30.
5. Ẹ wò ó bóyá àpótí dúdú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà tí wọ́n kọ Radio Teleswitch sí. Irú àpótí yẹn ń gba àṣẹ láti orí rédíò, lórí ìgbì gígùn 198 kHz ti BBC. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò yẹn tì, àdúgbò sí àdúgbò. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ tiyín, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín lónìí, kí wọ́n wá fi smart meter, ìyẹn mítà tó ń fúnra rẹ̀ fi iye ránṣẹ́, sí i. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé storage heater lẹ ń lò, torí kì í ṣe gbogbo smart meter ló lè máa tan iná hítà kó sì máa pa á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò nílé láìjẹ́ pé wọ́n fi hàn yín pé hítà ń gba iná.

Ẹni tó ń lo mítà tí a ń fi owó sí ṣáájú, ẹ rántí pé òru ni hítà yìí ń jẹun. £10 tó wà nínú rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ tó jí. Ẹ fi owó tó tó sí i kí ẹ tó wọlé sùn.

### Ṣé Economy 7 tiẹ̀ bá yín mu?

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀ láti inú bíìlì. Ká ní iná òru jẹ́ pẹ́ńsì 15 fún yúnìtì kan (ìyẹn kWh kan), tọ̀sán jẹ́ 30, iye kan ṣoṣo tọ̀sán-tòru sì jẹ́ 25. Ilé tó jẹ yúnìtì 300 lóṣù, tí 200 nínú rẹ̀ jẹ́ tòru, yóò san £60 lórí Economy 7, yóò sì san £75 lórí iye kan ṣoṣo. Ó jèrè £15. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 50 péré ni tòru, tí 250 tó kù jẹ́ tọ̀sán, owó rẹ̀ á di £82.50. Ó ti fi £7.50 ṣòfò. Lórí iye àpẹẹrẹ yìí, bí iná òru yín kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta, Economy 7 ń pa yín lára ni.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé hítà náà ti bàjẹ́ lóòótọ́?

Ẹ fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ní nǹkan bí aago méje. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ló máa sọ ibi tí àrùn wà.

- Gbogbo hítà inú ilé ló tutù. Kì í ṣe hítà. Mítà ni, tàbí aago tó ń darí rẹ̀, tàbí bírékà inú àpótí iná. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná lẹ máa kọ́kọ́ pè.
- Ọ̀kan ló tutù, àwọn yòókù gbóná. Ẹ wo súìṣì tó wà lára ògiri lẹ́bàá rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti pa á. Bí súìṣì bá wà ní títàn, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ooru àjù ló ti já. Aṣọ tí wọ́n sá lé e lórí ló sábà máa ń fà á.
- Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Ó ní ju wáyà agbóná kan lọ nínú; ọ̀kan ti kú. Ó ṣeé pààrọ̀, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti hítà tuntun.
- Ó gbóná dáadáa láàárọ̀, ó tutù ní ọ̀sán. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń yí nọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí nọ́ọ̀bù bá dára, a jẹ́ pé ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ooru jáde ti há ní ṣíṣí, tàbí kí hítà náà kéré sí yàrá.

Ẹ má ṣí i fúnra yín. Ọ̀pọ̀ hítà ló ń gba iná láti ojú méjì, ọ̀kan tòru, ọ̀kan tọ̀sán. Ẹni tó pa súìṣì kan tó rò pé iná ti kú lè fọwọ́ kan èkejì.

### Nọ́ọ̀bù méjì tó ń da gbogbo wa láàmú

Èyí tí wọ́n kọ Input sí ló ń sọ iye ooru tí hítà máa kó pa mọ́ lóru òní. Èyí tí wọ́n kọ Output sí, àwọn míì á kọ Boost, ló ń sọ bí ooru náà ṣe máa tètè jáde.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn ṣí Output sílẹ̀ tó bá fẹ́ sùn. Bó bá ti wà ní ṣíṣí, bí ooru ṣe ń wọlé ló ń jáde, àárọ̀ á mọ́ bá bíríkì tí kò ní nǹkan kan nínú. Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí:

1. Kí ẹ tó sùn: ẹ yí Output sí iye tó kéré jù.
2. Ẹ wo ojú ọjọ́ ọ̀la lórí fóònù. Bó bá máa tutù gan-an, ẹ gbé Input sókè. Bí òtútù ò bá ní le, ẹ gbé e wálẹ̀.
3. Láàárọ̀: ẹ jẹ́ kí Output wà nílẹ̀.
4. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ooru bá ń tán: ẹ gbé Output sókè díẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí Input wà lókè pátápátá látìgbà tí ẹ ti kó wọlé. Hítà àtijọ́ tó tóbi jù ń gba 3.4 kW. Bó bá kún fún wákàtí 7, ó ti jẹ yúnìtì 23.8. Méjì irú rẹ̀ jẹ́ 47.6; lórí pẹ́ńsì 15, £7.14 ni ẹ ná lóru ọjọ́ kan, ìyẹn á lé ní £210 lóṣù. Mo mọ ìdílé tó fi ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí tí wọ́n sì pa èrò hítà tuntun tì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ná.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ta ló ni ilé?

Bí ẹ bá ń yá ilé gbé, ẹ má fi owó ara yín pààrọ̀ hítà. Ní England, abala 11 nínú òfin Landlord and Tenant Act ti ọdún 1985 sọ ọ́ di ojúṣe onílé láti máa tún ohun tó ń mú ilé àti omi gbóná ṣe. Ní Wales, òfin Renting Homes (Wales) Act ti ọdún 2016 ló sọ bẹ́ẹ̀. Scotland náà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Repairing Standard. Ẹ má bẹ̀rù pé "wọ́n á lé wa" kí ẹ wá jókòó sínú òtútù pẹ̀lú ọmọ.

- Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ímeèlì ló dára jù, pẹ̀lú fọ́tò àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.
- Ẹ sọ ohun tí hítà ń ṣe bí mo ṣe to ó lókè yìí: "ọ̀kan tutù, méjì gbóná." Ìyẹn ń mú kí wọ́n rán oníṣẹ́ tó tọ́.
- Ẹ béèrè fún ìwé EICR, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò wáyà iná ilé. Ní England, onílé aládàáni gbọ́dọ̀ ṣe é ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ó kéré tán.
- Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lọ sí ẹ̀ka ilé gbígbé ní káńsù yín, tàbí kí ẹ bá Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ti ra fúláàtì, ṣùgbọ́n tó jẹ́ leasehold, ìyẹn ni pé ẹlòmíì ló ni ilẹ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn yín. Hítà sí hítà kì í sábà mú wàhálà wá. Ohunkóhun tó bá máa lu ògiri ìta tàbí tó máa gbé ẹ̀rọ sí bálíkónì, ẹ gba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀ kọ́kọ́.

Lórí ìrànlọ́wọ́ owó: ètò wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Home Energy Scotland ni ẹ máa pè ní Scotland, Nest ni ti Wales. Ní England, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ káńsù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí wọ́n bá kọ "no recourse to public funds" (ìyẹn ni pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba) sí ìwé ìgbélùú yín, ẹ bá agbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan. Ọ̀pọ̀ irú ìrànlọ́wọ́ yìí ni wọ́n so mọ́ owó ìrànwọ́ ìjọba, ìwé ìgbélùú yín sì ju hítà lọ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Kí lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ wo ìgbà tí èèyàn máa ń wà nílé. Ohun tí àwọn tó ń ta hítà kì í béèrè nìyẹn, òun sì ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àgbà tàbí ilé ìwòsàn máa ń wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni hítà gbóná jù. Storage heater bá a mu, àní èyí tó ti gbó pàápàá. Ilé tí màmá wá láti Nàìjíríà láti bá yín tọ́jú ọmọ tuntun, tí wọ́n wà nílé tọ̀sán-tòru, yóò jàǹfààní rẹ̀ bákan náà. Ẹni tó ń jáde ní aago méje àárọ̀ tó ń wọlé ní aago méje alẹ́ ló ń jìyà: yàrá òfìfo ni hítà àtijọ́ ń mú gbóná fún un. Hítà àtijọ́ yẹn dà bí kúlà ìrẹsì tí ìdérí rẹ̀ ti sán; kí àlejò tó dé, oúnjẹ ti tutù.

Storage heater ìgbàlódé. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ high heat retention sí. Kí wọ́n tó lè pè é bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè di ó kéré tán ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ooru rẹ̀ mú nígbà ìdánwò. Dimplex Quantum àti Elnur Ecombi ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù. Ó ní thermostat, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ bí yàrá ṣe gbóná tó, ó ní aago ọ̀sẹ̀ tí ẹ lè tò, fáànù sì ń ti ooru jáde nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ó ń fúnra rẹ̀ ṣírò iye tó máa kó pa mọ́ lóru. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018 ni òfin Ecodesign ti ń béèrè pé kí storage heater tuntun ní ohun ìdarí tó gbọ́n ju nọ́ọ̀bù méjì lọ, nítorí náà bí ẹnì kan bá fẹ́ ta nọ́ọ̀bù méjì fún yín ní "tuntun", ọjà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fún pálọ̀, òun ni mo máa ń yàn fún ẹni tí ilé rẹ̀ ò ní gáàsì.

Panel heater. Ó fúyẹ́, kò wọ́n láti rà, ó sì ń tètè gbóná. Ṣùgbọ́n kò tọ́jú ooru kankan. Bí ẹ bá tan án lálẹ́, owó ọ̀sán lẹ ń san. Yúnìtì 10 ní ìrọ̀lẹ́ kan jẹ́ £3 lórí iye àpẹẹrẹ wa. Iye yúnìtì kan náà látinú bíríkì jẹ́ £1.50. Ó dára fún yàrá tí ẹ kàn ń sùn sí fún wákàtí díẹ̀. Ẹ má fi rọ́pò gbogbo hítà ilé kí ẹ wá dúró lórí Economy 7. Àṣìṣe tó ń náni lówó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Rédíétọ̀ olówó gọbọi tí wọ́n kó amọ̀ tàbí epo sí nínú. Wọ́n á ní ó ń fi iná pamọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin ará mi, gbogbo hítà oníwáyà ló ń sọ yúnìtì iná kan di yúnìtì ooru kan, àti ti £40, àti ti £800. Iye tí ẹ ra iná àti ìgbà tí ooru jáde ló yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ funfun àti ìwé dídán tàn yín.

Heat pump. Òun nìkan ló ń fa ooru látita wọlé, tó fi jẹ́ pé yúnìtì iná kan lè mú nǹkan bí yúnìtì ooru mẹ́ta wá. Ẹni tó ni ilé odidi, tó ní ààyè lẹ́yìnkùlé, kó béèrè nípa Boiler Upgrade Scheme tó ń san £7,500 ní England àti Wales. Nínú fúláàtì gogoro, àṣẹ àti ààyè ló sábà máa ń dí i lọ́wọ́.

## Ìgbésẹ̀ 5: Báwo ni kó ṣe tóbi tó?

Ẹ má kàn ra iye kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Bóyá wọ́n ti fi fèrèsé onígíláàsì méjì sí i látìgbà yẹn. Òdìkejì rẹ̀ náà lè jẹ́ òótọ́, kó jẹ́ pé ti àtijọ́ kò tó rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò wọn gígùn, ìbú àti gíga yàrá, yóò ka ògiri tó kan ìta, yóò wo fèrèsé, yóò béèrè ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yín. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní "ńlá ló máa gbà á", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ̀yin náà lè fúnra yín dán an wò:

1. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ka yúnìtì.
2. Ní ọjọ́ tí òtútù mú gan-an, ẹ pa storage heater yàrá yẹn, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.
3. Ẹ fi hítà oníthermostat kan sínú yàrá láti aago méje àárọ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́. Tààrà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ni o, ẹ má lo ẹ̀ṣíténṣọ̀n, ẹ má sì fi sílẹ̀ kí ẹ jáde.
4. Ẹ ka yúnìtì tó jẹ.

Bó bá jẹ yúnìtì 9, hítà tó lè tọ́jú 9 gẹ́lẹ́ kò tó, torí ọjọ́ tó tutù ju ìyẹn lọ ń bọ̀. Ẹ máa wo nǹkan bí 12. Nínú ìwé hítà, iye yẹn ni wọ́n ń kọ ní kWh sí iwájú storage capacity. Fún àfiwé, hítà àtijọ́ oní 1.7 kW ń gba 11.9 ní wákàtí 7, ti 2.55 kW ń gba 17.85. Iye tiyín kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ó kàn máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ìṣirò tirẹ̀ bá jìnnà sí òótọ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Kí ẹ tó sanwó

Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta, ní kíkọ. Kí ìwé náà dáhùn gbogbo èyí:

☐ Ṣé ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná bíi NICEIC tàbí NAPIT, tàbí SELECT ní Scotland?
☐ Ṣé wáyà méjì, tòru àti tọ̀sán, ti dé ibi tí hítà máa wà? Ọ̀pọ̀ storage heater ìgbàlódé ló nílò méjèèjì. Bí ti ọ̀sán ò bá sí, fífà á wá lówó lọ́tọ̀.
☐ Ṣé ògiri náà lè di bráákẹ̀tì mú? Hítà ńlá tó kún fún bíríkì lè ju kílò 100 lọ. Ilẹ̀ ló ń gbé ẹrù, ṣùgbọ́n ògiri ni kì í jẹ́ kó wó lu ọmọ. Ògiri plasterboard nílò àmójútó.
☐ Ṣé kíkó ti àtijọ́ lọ wà nínú owó náà?
☐ Ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n máa fún yín lẹ́yìn iṣẹ́?

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò ní fi ṣeré: àwọn hítà kan tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín àwọn ọdún 1970 ní asbestos nínú. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í hàn lójú ẹsẹ̀. Bí hítà yín bá jọ ti láéláé, ẹ ya fọ́tò orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ kó tó dé. Ẹ má jẹ́ kí àbúrò tó lágbára tàbí ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá yín tú u. Bó bá jẹ́ pé asbestos wà níbẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló máa gbé e.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ iṣẹ́

1. Ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ pa súìṣì hítà àtijọ́. Àárín bíríkì máa ń gbóná débi pé ó lè jó èèyàn lẹ́yìn ọjọ́ kan.
2. Ẹ kó àga, àpótí àti kábẹ́ẹ̀tì kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá ń gbé lókè, tí kò sí lífìtì, ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú.
3. Oníṣẹ́ á pa iná méjèèjì, á sì fi ẹ̀rọ dán an wò pé kò sí iná. Ẹ dúró kí ẹ rí i.
4. Bíríkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni àpótí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ́ odidi hítà nílẹ̀ fẹ́ ba táílì àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́.
5. Wọ́n á kan bráákẹ̀tì, wọ́n á gbé àpótí tuntun sí i, wọ́n á to bíríkì sínú rẹ̀, wọ́n á so wáyà.
6. Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n tò aago rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ohun tí ẹ máa máa tẹ̀ lójú yín. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀.

Kò ní gbóná lọ́jọ́ yẹn, torí iná òru ni yóò fi kún. Ẹ má pe oníṣẹ́ padà ní ìrọ̀lẹ́ kan náà.

## Oṣù àkọ́kọ́

Fún òru díẹ̀ àkọ́kọ́, hítà tuntun lè máa rùn bí ọ̀dà tó ń gbóná. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ọmọ ọwọ́ sì sùn sí yàrá míì. Bí òórùn náà bá ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, ẹ pa á kí ẹ pe oníṣẹ́.

Ẹ tò ó sí bí ọjọ́ yín ṣe rí: ooru ní wákàtí tí ẹ ń jí, ooru ní wákàtí tí ẹ ń wọlé, kó sì rọlẹ̀ láàárín. Fún pálọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 19 tàbí 20 lórí thermostat. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó yí i, torí ìṣirò òru ló ń lò, kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Bọ́tìnnì Boost ti hítà tuntun yàtọ̀ sí nọ́ọ̀bù ti àtijọ́: iná ọ̀sán ló ń fà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe ohun ìṣeré.

Aṣọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìró àti tòwéèlì kì í tètè gbẹ ní orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀ ẹ má sá ohunkóhun lé e lórí, ẹ má jẹ́ kí kọ́tìnì bò ó, ẹ sì fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lè gbiná. Àga ìsáṣọ kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, máa gbẹ aṣọ yín láìséwu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sí ìdí mítà pẹ̀lú fóònù. Ẹ ka iye òru àti tọ̀sán bí ẹ ṣe kà á ní ìgbésẹ̀ 1. Bí iná ọ̀sán bá ṣì pọ̀ ju tòru lọ nígbà òtútù, ẹ wá ohun tó ń fà á kí bíìlì tó dé: Boost tí ẹnì kan gbàgbé, hítà kékeré inú yàrá ọmọ, tàbí tánkì omi gbígbóná tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Tánkì yẹn náà yẹ kó máa lo iná òru, ẹ ní kí oníṣẹ́ tó bá ń padà bọ̀ wo súìṣì àti aago rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti hítà.